Irin Tí Ń Rántí: Láti Ilé Àrọ Òṣogbo àti Iléṣà Dé Apá Ọkọ̀ Òfuurufú

Ní ayé àtijọ́, kí àjèjì tó mọ ibi tí agboolé alágbẹ̀dẹ wà ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, etí ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n kí ó tó fi ojú rí i: yóò gbọ́ ohùn ọmọ owú lórí owú, kan-an, kan-an, kan-an, yóò gbọ́ èémí ẹwìrì tí ọmọdé kan ń fín láìsinmi, yóò sì mọ̀ pé níbẹ̀ ni àwọn ọmọ Ògún gbé ń ṣe iṣẹ́ wọn, àwọn tí ń sọ òkúta di ọkọ́, tí ọkọ́ sì ń di iṣu nínú abà. Ọ̀rọ̀ etí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mi fi sọ́kàn, nítorí a ó padà sí ìdí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọkùnrin kan ti fi etí lásán mọ irin kan tí kò jọ irin mìíràn.

Mo mọ̀ pé yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé mo fi alágbẹ̀dẹ àti bàálù sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ ẹtu lórí okùn kan. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìtàn irin nílẹ̀ wa, láti ìgbà tí a ti ń yọ́ ọ jáde láti inú ilẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po bàbà mọ́ àwọn irin mìíràn kí ó lè máa rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ìtàn kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn rẹ̀ ti já ní ibi púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìlú. Àwọn àgbà pa á nítàn pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí ọ̀wọ́n omi, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun, igi kan tí wọ́n gé ni ó wó lu odò, ni ohùn kan bá ké jáde láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rántí ìkòkò aró. Ta ni ó ń rántí àáké? Kò sí ìlú tí a lè tẹ̀dó sínú igbó kìjikìji bí alágbẹ̀dẹ kan kò bá tíì jókòó ti iná ṣáájú: àáké tí ó bi igi lulẹ̀, àdá tí ó ṣán oko, ọkọ́ tí ó kọ ebè, irin ẹnu ọfà tí ọdẹ fi ń pẹran, inú ilé àrọ ni gbogbo wọn ti wá. Ní Iléṣà pẹ̀lú, nílé Ọwá Obòkun Àdìmúlà, ọmọ akin tí ó la ewu kọjá lọ bu omi òkun wá kí ojú baba rẹ̀ lè là, idà kò jìnnà sí adé, Ògún kò sì jìnnà sí ààfin. Títí di òní olónìí ni Ọwá ń jáde fún ọdún Ìwúde Ògún, tí tọmọdé tàgbà ọmọ Obòkun ń bá a yọ̀.

Níbo ni irin náà ti ń wá? Inú ilẹ̀ ni. Òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ ni àwọn baba wa ń pè ní ẹta, Àlùfáà Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 pé láti ara ẹta ni Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ, àti pé irin lílọ̀ ni ó bí orúkọ Ìlọrin. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn nípa Ọ̀lá-Ìgbì, abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ìdílé tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wa òkúta, kí wọ́n máa jó èédú, kí wọ́n sì máa yọ́ irin nínú iná ìléru tí a fi amọ̀ mọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń ṣe irin láìjẹ́ pé òyìnbó kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí Bellamy ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ ti ń ṣú bá iṣẹ́ náà. Ọ̀pá irin òyìnbó ti ń gba etíkun wọlé. Ó pọ̀, kò wọ́n, kò sì béèrè pé kí ẹnikẹ́ni gé igbó jó èédú fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó rí irin tí yóò fi rọ ọkọ́ díẹ̀. Irin yíyọ́ kú, irin rírọ kò kú. Èmi gbà pé níbẹ̀ ni okùn ti kọ́kọ́ já, òun ni ó sì dùn mí jù, nítorí ẹni tí ó ń yọ́ irin ni ó mọ ohun tí ó wà nínú irin. Ẹni tí ó kàn ń rọ ọ́, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, irin tí ẹlòmíràn ti pò fún un ni ó ń bá jà.

Ṣáájú ìgbà Bellamy, ogun pẹ̀lú ti fi kún iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, akọni ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kó àwọn Èkìtìparapọ̀ lẹ́yìn dojú kọ Ìbàdàn, irin ni ó fún ogun náà ní orúkọ, nítorí dídún àwọn ìbọn ńlá tí ń fọhùn láti orí òkè kan sí èkejì ni a fi ń pè é ní Kírìjì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó ni ó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, ìbọn tí a ń gba ìdí kì dípò ẹnu, nǹkan tuntun pátápátá ní ojú ogun ilẹ̀ Yorùbá. A tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ogun kò sì tú tán títí di ọdún 1893. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Iléṣà kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀tá tí irin rẹ̀ sàn ju tìrẹ lọ kì í dúró de ìgboyà rẹ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a tún padà sí ìdí àrọ díẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú agbára apá. Ó wà nínú mímọ iná mọ omi. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ bí ó ti ń ṣe ẹnu àdá. Yóò ti irin bọ iná, ọmọ tí ń fín ẹwìrì yóò máa fín in, irin yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, yóò sì pọ́n ré kọjá bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dàbí ọsàn tí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò ní ohun èlò kankan tí ó fi ń wọn ooru. Ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá tó àkókò, yóò fi ẹ̀mú gbé e, yóò tì í bọ omi, omi yóò sì ké ṣaáà. Bí ó bá yá jù, ẹnu àdá yóò rọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò le títí yóò fi máa dá bí àwo. Òun ni ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí ó ti tì í bọ omi, yóò tún dá a padà sí etí iná fún ìgbà díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè dẹ̀ díẹ̀. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà? Alágbẹ̀dẹ kò lè fi ẹ̀rọ awòhun-kékeré wò ó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé irin kan náà, tí kò fi ohunkóhun kún ara rẹ̀ tí kò sì yọ ohunkóhun kúrò, lè ní ìwà méjì tàbí mẹ́ta nítorí iná àti omi nìkan. Ẹ fi èyí pamọ́ sí ibì kan nínú ọkàn yín.

Bí irin dúdú ti jẹ́ ti Ògún, bẹ́ẹ̀ ni idẹ jẹ́ ti Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, yóò ti rí àwọn olùsìn Yèyé pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ àti abẹ̀bẹ̀ idẹ. Àwọn tí ń da idẹ yìí, ọ̀nà mìíràn ni tiwọn: ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ ère náà, wọn yóò fi amọ̀ bò ó, wọn yóò yan án lórí iná kí ìda yọ́ dànù, idẹ tí ó ti di omi yóò sì wá gba ipò ìda. Ìda kú kí idẹ lè jogún àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1938, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé bá orí àwọn ọba àtijọ́ nínú ilẹ̀, àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà dà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ayé ń pariwo wọn títí di òní. Ní ọdún 1938 yìí gan-an, ní òkè òkun, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Greninger àti Mooradian, ń wo idẹ tí ó jẹ́ bàbà àti síǹkì, wọ́n sì rí i pé àpẹẹrẹ kan ń yọ nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, ó sì ń parẹ́ nígbà tí ó bá gbóná, ó tún ń yọ, ó tún ń parẹ́. Kò sí ẹni tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni idẹ ni ó wà nínú méjèèjì.

Nígbà tí ojú irin rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, irin wọ ìlú ní ọ̀nà tí kò tíì gbà wọ̀ ọ́ rí. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó gbé ìsọ̀ wọn kalẹ̀, kòkó àti ekuro ń lọ, ọjà òkèèrè ń bọ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló sì ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó. Àwọn alágbẹ̀dẹ rí irin tí wọn kò ní láti yọ́: ajẹ́kù irin, súpìríìnì ọkọ̀ tí ó ti dá, dírọ́ọ̀mù tí ó ti jò. Súpìríìnì ọkọ̀ akẹ́rù a máa ṣe àdá tí ó dára púpọ̀, gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pánù àti kọ́ọ̀bù òkèèrè pẹ̀lú dé, ọkọ́ tí a fi ẹ̀rọ ṣe dé, owó tí ń wọlé fún alágbẹ̀dẹ sì ń dín kù.

Nínú ìṣòro yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agboolé alágbẹ̀dẹ Òṣogbo ti ṣe ohun tí mo gbà pé kò yẹ kí a gbàgbé láé. Orúkọ rẹ̀ ni Aṣírù Ọlátúndé, a bí i ní ọdún 1918, ó sì kú ní ọdún 1993. Ó fi ọkọ́ àti àdá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké. Nígbà tí Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà wa, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní àkókò tí iná iṣẹ́ ọnà ń jó ní Òṣogbo, tí Dúró Ládipọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ṣí Mbari Mbayo, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní ọdún 1962, wọ́n rọ̀ ọ́ kí ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú lóòótọ́. Ó mú abala bàbà, lẹ́yìn náà abala alumíníọ̀mù tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó sì fi ọmọ owú àti irin ìlà kéékèèké lù ú títí ọba fi yọ lórí ẹṣin, tí ẹyẹ fi bà sórí igi, tí ìtàn inú Bíbélì àti ọdún ilẹ̀ wa fi jókòó pọ̀ lójú kan. Alumíníọ̀mù yìí ni irin tí a fi ṣe ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òfuurufú tí ń fò lókè. Ọmọ alágbẹ̀dẹ Òṣogbo ti mọ̀ ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́: ó mọ ibi tí yóò tẹ̀ dé, ó mọ ibi tí yóò ti ya, ó mọ bí ó ti ń le sí i bí a bá ń lù ú láìsinmi.

Nísinsìnyí ni a lè wá gbé ojú sókè sí òfuurufú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Wright kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, apá ọkọ̀ wọn kò ní ohun tí ń ṣí tí ń pa bí ti òde òní. Igi àti aṣọ ni, okùn wáyà ni wọ́n sì fi so etí rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ń wà á bá yí ìbàdí rẹ̀ lórí ibùsùn tí ó dojú bolẹ̀ sí, apá náà yóò lọ́, ọkọ̀ yóò sì tẹ̀ sí ibi tí ó fẹ́. Ẹyẹ ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ẹ rántí onígángan: kò yí ìlù padà, kò pààrọ̀ awọ, ọṣán ni ó ń fi apá fún, ohùn sì ń yí. Bí ọkọ̀ òfuurufú ti ń wúwo sí i, tí ó sì ń yára sí i, apá kò lè máa lọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. A gé etí rẹ̀ sọ́tọ̀, a fi àgbékọ́ sí i bí ilẹ̀kùn, a sì wá ohun tí yóò máa fà á sókè tí yóò máa tì í sílẹ̀. Iṣan ni n ó máa pe ohun náà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe lára ènìyàn ni ó ń ṣe lára ọkọ̀. Iṣan bàálù ńlá, òróró tí a fi agbára tì gba inú páìpù ni ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ afàá, fáàfù àti àgbá. Ó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ohunkóhun tí ó bá sì wúwo lára ọkọ̀ òfuurufú, epo ni ó ń jẹ.

Ní àkókò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ro èyí ni ọ̀rọ̀ etí tí mo dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tún dé. Ní ọdún 1959, ní ilé ìwádìí ohun ìjà ti àwọn ológun ojú omi ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Buehler ń wá irin tí ooru kò ní lè bà jẹ́. Ó po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ titéníọ̀mù, ó yọ́ ọ, ó dà á sí ọ̀pá. Bí ó ti ń kó àwọn ọ̀pá náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọ̀, ó ju ọ̀kan tí ó ti tutù sílẹ̀, ó dún gbì bí òjé. Ó rò pé ó ti sán. Ó ju èkejì tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sílẹ̀, ó dún kooro bí agogo. Ó sáré lọ sí ibi omi mímu, ó fi omi tutù rẹ èyí tí ó ń dún bí agogo, òun náà sì dún gbì. Ó ki í bọ omi gbígbóná, ohùn agogo padà wá. Alágbẹ̀dẹ Òṣogbo ìbá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìwà irin náà ti yí. Láìpẹ́, níbi ìpàdé kan, a gbé pẹlẹbẹ irin náà tí a ti ká léraléra bí abẹ̀bẹ̀ ìwé kalẹ̀, David Muzzey, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀, sì fi ìṣáná pípù rẹ̀ ràn án. Irin náà na ara rẹ̀ tọ́ níwájú gbogbo wọn. A sọ ọ́ ní Nitinol, orúkọ tí a fi níkẹ́ẹ̀lì, titéníọ̀mù àti orúkọ ilé ìwádìí náà so pọ̀.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún 1932 ni Arne Ölander, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára àdàlù wúrà àti kádímíọ̀mù. Wúrà, irin tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Ìperíndó àti Ìtagúnmódì, tí àwọn awakùsà ń wa títí di òní. Ṣùgbọ́n Nitinol ni ó kọ́kọ́ lágbára tó fún iṣẹ́ gidi. Frederick Wang ni ó wá ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí mo bá fi èdè wa sọ ọ́, àwọn èérún tíntìntín tí ó para pọ̀ di irin náà dàbí àwọn ọmọ agboolé ńlá kan: nígbà òtútù, olúkúlùkù lè fi ẹ̀gbẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ó fara mọ́ ibi tí a bá tì í sí, láìjẹ́ pé ó já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, tí ó dàbí ìlù ọdún, kíákíá ni olúkúlùkù yóò padà sí ìjókòó tí a fún un láti ilé. Irin lásán, bí o bá tẹ̀ ẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn èérún rẹ̀ a já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn a sì gbàgbé. Èyí kò gbàgbé.

Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ilé iṣẹ́ Raychem fi í ṣe òrùka tí ń so páìpù òróró inú ọkọ̀ ogun F-14: a ó fẹ̀ ẹ́ nínú òtútù líle, a ó fi bọ páìpù, bí ó bá sì ti ń móoru, yóò súnkì, yóò di páìpù náà mú ṣinṣin. Ní ọdún 2005, Boeing fi í sí ẹnu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ 777 kan, tí ó fi jẹ́ pé eyín irin tí ó wà níbẹ̀ ń tẹ̀ wọnú afẹ́fẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, kí ariwo lè dín kù, wọn a sì padà tọ́ nínú òtútù òkè. Lẹ́yìn náà, NASA, àjọ ìmọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ kékeré kan tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀ hàn pé iṣan tí a fi irú irin yìí ṣe lè ká ìpẹ̀kun apá ọkọ̀ sókè àti sísàlẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń fò.

Báwo ni a ti ń ṣe irú iṣan bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ohun tí a lè fi sára ọkọ̀? Kò sí ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. A ó kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ apá kan, bí abala pákó tí ó gùn tó apá ọmọdé, etí rẹ̀ ń ṣí ó ń pa. A ó mú wáyà Nitinol tí ó tín-ín-rín bí òwú, a ó dè é mọ́ férémù ní ìrísí tí a fẹ́ kí ó máa rántí, a ó gbé e sínú iná tí ó tó 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ó sì tì í bọ omi. Ẹ wò ó: iná, ẹ̀mú, omi! Ohun tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe sí ẹnu àdá gan-an ni, àfi pé ẹ̀rọ ni ó ń wọn ooru dípò ojú. Lẹ́yìn èyí, a ó so wáyà náà mọ́ etí apá, a ó sì rán iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà yóò gbóná, yóò súnkì ní ìwọ̀n bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀, yóò sì fa etí náà sókè. Bí a bá pa iná, afẹ́fẹ́ yóò tù ú, súpìríìnì yóò dá a padà.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ gidi wà. Mítà kan wáyà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ni yóò fi kúrú, nítorí náà a ní láti ta ọgbọ́n kí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yẹn lè tó iṣẹ́. Ó ń yá láti gbóná, kò yá láti tutù, apá ọkọ̀ tí ó lọ́ra láti padà sì lè di ewu. Ó ń rẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú; bí a bá fà á lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ìrántí rẹ̀ ń dín kù, ó sì lè já. Òun ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe àpẹẹrẹ kan, yóò fà á, yóò kọ iye tí ó fà sílẹ̀, yóò tú u, yóò tún un ṣe, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti máa ń dá ọkọ́ tí kò dùn ún lò padà sínú iná.

Nitinol wọ́n, titéníọ̀mù kò sì rọrùn láti yọ́. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, bí a bá fi alumíníọ̀mù díẹ̀ kún idẹ, tí a sì mọ òṣùwọ̀n rẹ̀, òun náà ń rántí. Idẹ Ọ̀ṣun àti alumíníọ̀mù Aṣírù! Nínú àdàlù yìí, bàbà a máa wọ nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, síǹkì ni ó ń gba púpọ̀ nínú ìyókù, alumíníọ̀mù kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, tí kò jìnnà sí Iléṣà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Alaneme àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí irú àdàlù bàbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí ó wo bí àdàlù bàbà àti ti irin dúdú ṣe lè gba ipò Nitinol ní owó tí ó kéré. Àléébù rẹ̀ kò pamọ́: ó ń dá kíákíá, ooru sì lè mú kí ó gbàgbé. Wọ́n ń fi níkẹ́ẹ̀lì àti àwọn irin mìíràn bù ú kí ó lè ṣe ṣinṣin. Mo gbà pé níbẹ̀ ni a ti tún okùn tí ó já nígbà tí irin yíyọ́ kú mú, nítorí a ti tún padà sí ìdí iṣẹ́ pípo irin fúnra wa.

Òṣogbo kò sì ṣófo. Ní ọdún 1980 ni a dá ilé iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Índíà tí wọ́n jẹ́ HMT, kí a lè máa ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ìfárin àti irú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 náà ni ilé iṣẹ́ ìrọrin ńlá ti Òṣogbo dìde, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kọ́, tí àwọn yòókù wà ní Jos àti Kàtsínà. Wọ́n ṣe é kí ó lè máa rọ 210,000 tọ́ọ̀nù irin lọ́dún láti inú irin tí yóò máa ti ilé iṣẹ́ irin Àládjà wá. Irin náà kò wá bí a ti ṣèlérí, ohùn ilé iṣẹ́ náà sì rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn amúnisìn pẹ̀lú ti la pápá ọkọ̀ òfuurufú kan sí Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo gan-an, láyé àtijọ́. Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa irin àti ohun èlò, ó sì ní ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú jíjìn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun gbogbo tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, láti orí ẹni tí ó mọ iná dé orí ẹni tí ó mọ òfuurufú, kò ju nǹkan bí ìrìn ọkọ̀ wákàtí méjì síra wọn lọ. Wọn kò tíì jókòó pọ̀ nínú ilé kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Ifẹ̀, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Òṣogbo, àti ẹ̀yin olùkọ́ wọn, mo bẹ̀ yín, kí àwọn alágbẹ̀dẹ àgbà tí ó kù ní agboolé wọn tó tán nílẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ sọ́dọ̀ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fín ẹwìrì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwọ̀ irin nínú iná láìsí òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Kí wọ́n sì mú wáyà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí rẹ̀ dání, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níwájú baba náà, kí wọ́n fi í sétí ẹyín iná, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tí ó rí.